Àwọn Kannakánná Ti Mọ Ojú Mi

Abẹ́rẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo kí ọ kú àtìgbà tí a ti fojú kan ara wa. Bí o bá ń bèèrè àlàáfíà mi, ara ń yá díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sínú oòrùn àárọ̀; ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni kò gbọ́ràn, ẹsẹ̀ òsì ni mo sì fi ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ báyìí, nítorí náà iṣẹ́ ń lọ. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ilé gíga tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ kò ní wó, ẹ̀rọ tó ń gbé yín gòkè nínú rẹ̀ kò sì ní há lọ́jọ́ tó bá kan ọ́. Àmín.

Òrùlé wa kò jò mọ́ láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Tíṣà tó fẹ̀yìntì, aládùúgbò wa, ní kí n kí ọ. Ó ní o kò kí òun nígbà tí o wá síbi ìsìnkú ìyá rẹ, ṣùgbọ́n òun ti dárí jì ọ́ pátápátá, òun kàn ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn ni. Òun náà ló ka iṣẹ́ tí o rán sórí fóònù fún mi, pé ariwo àwọn ẹyẹ tó wà lórí igi ńlá ẹ̀yìnkùlé kò ní jẹ́ kí n máa sùn, pé o ti bẹ agégi kó wá gé e, pé bí igi bá ti lulẹ̀ kí n di ẹrù mi, o ti rí yàrá kan fún mi lọ́dọ̀ rẹ. Mo dúpẹ́. Ọmọ tó bá ro ti bàbá rẹ̀ yóò rí ẹni ro tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má tíì jẹ́ kí wọ́n gé igi náà. Ìyá rẹ fi iṣẹ́ ìjẹ́ sílẹ̀ fún ọ lórí rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ ló sì gbọ́dọ̀ wá gbà á. Mo pè ọ́ láti sọ ọ́, wọ́n ní o wà ní mítíìnì. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà, torí pé ẹnikẹ́ni kì í sọ fún lẹ́tà pé o wà ní mítíìnì.

Ọ̀rọ̀ báńkì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwọ lo sọ fún mi pé wọ́n ti pa ìbuwọ́lùwé tì, pé ojú èèyàn ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ báyìí. Mo wọ aṣọ tó dáa lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní kí n ṣí fìlà, kí n wo ọ̀kánkán, kí n yíjú sọ́tùn-ún, kí n yíjú sósì, kí n ṣẹ́jú. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Ẹ̀rọ wọn ní òun kò mọ̀ mí. Mo tún un ṣe, ó ní òun kò mọ̀ mí rí. Ọmọbìnrin náà wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kí n má bínú, ojú tó wà lọ́dọ̀ àwọn ń rẹ́rìn-ín, èyí tí mo gbé wá yìí kò rẹ́rìn-ín. Mo ní lóòótọ́ ni, pé lọ́jọ́ tí wọ́n ya ti àkọ́kọ́, ìyá rẹ dúró sẹ́yìn ẹni tó ń ya àwòrán, ó ń fi etí mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ṣé mo lè mú un dání wá kó tún un ṣe. Mo sọ ibi tó wà fún un. Ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo ń jẹ búrẹ́dì. Kannakánná kan bà sórí ògiri. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n: kóòtù dúdú, ẹ̀wù funfun nínú rẹ̀, ìrìn bíi ti ẹni tí owó olówó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Èyí ń tiro. Ó fi ojú kan wò mí, ó yí orí, ó fi ojú kejì wò mí, bí ẹ̀rọ báńkì ṣe ṣe gẹ́lẹ́. Èmi náà bá ṣí fìlà. Mo wo ọ̀kánkán, mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, mo ṣẹ́jú. Ó rò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fò sílẹ̀, ó wá ṣa èérún búrẹ́dì lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ọmọ mi, ó gba ojú mi bó ṣe rí. Kò ní kí n rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ báńkì tó ń dá ojú mọ̀, tí o sọ fún mi, ti dé àdúgbò wa. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, torí o kìlọ̀ fún mi pé ọ̀rọ̀ báńkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta. Ẹ̀wù kan náà ni mo máa ń wọ̀ jáde sí wọn láràárọ̀, èyí tí àpò rẹ̀ ti ya, kí wọ́n má baà ṣì mí mọ̀. Ẹ̀pà ni mo fi ń kí wọn, ẹ̀pà tí kò níyọ̀. Wọn kì í fẹ́ kéèyàn ranjú mọ́ wọn. Bí o bá tẹjú mọ́ wọn, wọn á fò lọ, ṣùgbọ́n bí o bá ṣe bí ẹni tí kò rí wọn, díẹ̀díẹ̀ ni wọn á máa sún mọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá rẹ rí nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ. Atiro nìkan ló kọ́kọ́ ń wá, nígbà tó yá ó mú ìyàwó rẹ̀ wá, nígbà tó tún yá ó mú gbogbo ọ́fíìsì wá. Ní báyìí, bí mo bá ń lọ ra òwú, wọ́n á máa bá mi lọ láti orí òrùlé kan dé òmíràn, wọn kò ní dún rárá. Àwọn ọmọ tó máa ń pè mí ní Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀-kan ti dákẹ́. Ajá aránbàtà àdúgbò kì í gbó mọ́ mi mọ́, abẹ́ tábìlì ló máa ń wọ̀.

Wọ́n sì ń san oore. Ojú fèrèsé ilé ìdáná ni wọ́n máa ń kó o sí: ìdérí ìgò, ègé dígí, yẹtí kan tí kò lẹ́nìkejì, kọ́kọ́rọ́ tó ti dípẹtà. O ṣáà sọ pé báńkì tó dáa máa ń fi nǹkan díẹ̀ lé ohun téèyàn bá kó sọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bọ́tìnnì ni wọ́n gbé wá. Búlúù ni, oníhò mẹ́ta. Òwú ṣì wà lára rẹ̀, mo mọ òwú náà, mo sì mọ ọwọ́ tó so ó. Aṣọ búlúù tí a wọ̀ fún ìyá rẹ kẹ́yìn, èmi ni mo rán an. Ìwọ lo jókòó tì mí, tí o ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fún mi, torí ojú mi kò ríran dáadáa lọ́jọ́ náà. Mi ò lọ wo ibojì. Mo fi bọ́tìnnì náà sínú agolo, mo dé e, mo lọ parí ṣòkòtò oníṣòkòtò.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, òjò ń ṣẹ́ wìnnìwìnnì, mo fa ìborùn ìyá rẹ, èyí aláwọ̀ ewé tó ṣì wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi borí, mo jáde. Atiro wà lórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Ó wò mí, ó wo ìborùn. Ó la ẹnu, ó sì fi ohùn ìyá rẹ pè ọ́. Mi ò sọ pé ohùn tó jọ ọ́ o. Ohùn ìyá rẹ ni, títí kan bó ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa rọ́bà. Ó ní Abẹ́rẹ́ o, wọlé, ilẹ̀ ń ṣú. Òwúrọ̀ ni, ọmọ mi. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni.

O mọ̀ pé nínú ilé wa, a kì í dáhùn bí a kò bá rí ẹnu tó pe ni. Ìyá rẹ ló kọ́ ọ, ó sì nà ọ́ nítorí rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo rí ẹnu tó pè yìí, dúdú ni, ó ṣí sílẹ̀, ó ń dúró. Mo rò ó pé bí èmi kò bá dáhùn, ta ni yóò dáhùn. Mo ní o ń bọ̀, o wà lọ́nà. Ó mi orí, ó gba ẹ̀pà rẹ̀.

Ìgbà náà ni ohun tí o kọ́ mi nípa fóònù tó wá yé mi. O ní bí ẹni tí a pè kò bá sí nítòsí, wọ́n á gba ohùn ẹni tó pè sílẹ̀, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ títí ẹni náà yóò fi wá gbọ́ ọ. O tún ní nítorí àwọn olè, ojú nìkan kò tó mọ́, wọ́n á bèèrè ẹ̀rí kejì. Ojú mi ni ẹ̀rí kìíní, ìborùn ni ẹ̀rí kejì. Ètò wọn gún régé. Ohun kan ṣoṣo tí kò yé mi ni ìdí tí wọn kò fi gbé e sórí fóònù tìrẹ, àfi bóyá àwọn náà pè, wọ́n ní o wà ní mítíìnì.

Mo pe tíṣà wá gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ. Ó ní kò sí nǹkan abàmì níbẹ̀, ẹyẹ a máa sín èèyàn jẹ, ó wà nínú ìwé. Ó ní lẹ́yìn tí o lọ sí ìlú ńlá, ìyá rẹ kò ṣíwọ́ pípè ọ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dúró lẹ́yìnkùlé, á da ìborùn yẹn bo èjìká, á máa ju èérún sáwọn ẹyẹ, á sì máa pè ọ́ wọlé bí ẹni pé o ṣì ń ṣeré lábẹ́ igi. Ó ní gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Mo ní èmi ò mọ̀. Ó ní báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ nígbà tí máṣíìnì ń ké níwájú ilé. Ó wá ní òun ń lọ sílé. Ó ṣí agboòrùn lé orí bó ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀, oòrùn ò sì ràn.

Agégi tí o rán dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọlúàbí ni, ó kí mi dáadáa, ó ní kí Bàbá sún sẹ́yìn kí igi má baà wó lù wọ́n. Mo da ìborùn bo èjìká nítorí afẹ́fẹ́, mo dúró. Ó gbé ẹ̀rọ ìgégi, ó gun àkàbà. Àwọn kannakánná kò bá a jà. Wọ́n kàn bà yí i ká ni, wọ́n ń wá wo ojú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àwọn tó tò ní báńkì. Mo sọ fún un láti ilẹ̀ pé kó ṣí fìlà, kó yí sọ́tùn-ún, kó yí sósì. Ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́ òun. Ni Atiro bá bà sẹ́bàá etí rẹ̀, ó sì sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé kó wọlé, ilẹ̀ ń ṣú. Ọmọ mi, àkàbà rẹ̀ ṣì wà níbí. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà níbí. Bàtà rẹ̀ ti ẹsẹ̀ òsì wà níbí. Ó ránṣẹ́ pé òun ò fẹ́ wọn mọ́, pé kannakánná kan ti wà lórí òrùlé òun láti ọjọ́ náà, kò ṣe nǹkan kan, ó kàn ń wo ẹnu ilẹ̀kùn ni. Mo ránṣẹ́ padà pé kó fún un lẹ́pà.

Mo wá gbọ́ pé o ti rí agégi mìíràn, ará ọ̀nà jíjìn, pé yóò dé lọ́jọ́ Sátidé. Bí igi bá lulẹ̀, àwọn ẹyẹ yóò lọ, wọn yóò sì gbé ohùn náà lọ, mi ò sì mọ ọ́fíìsì tí a ti lè lọ bèèrè rẹ̀. Àwòrán ìyá rẹ pọ̀ nínú fóònù rẹ, kò sí èyí tó lè pè ọ́ nínú wọn. Mi ò ní kí o má gbé mi lọ. Gbé mi lọ bí o bá fẹ́, màá gun ẹ̀rọ agbéniròkè yín náà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wá dúró lábẹ́ igi, kí o gbọ́ ọ, kí o sì dáhùn. Ó ti ń pè ọ́ tipẹ́.

Nǹkan kan kù tí mi ò fẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba tèmi náà sílẹ̀. Ikọ́ mi ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni máṣíìnì. Mo lè wà nídìí oúnjẹ kí n máa gbọ́ ara mi tí mò ń ránṣọ lórí igi. Lánàá, mò ń bó ẹyin nílé ìdáná, ni mo gbọ́ ohùn mi lẹ́yìnkùlé, ó ní Abẹ́rẹ́, wọlé. Ó yà mí lẹ́nu, torí mi ò tíì pe orúkọ yẹn sókè láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ. Mo lọ bi tíṣà bóyá mo máa ń dá sọ̀rọ̀ nídìí máṣíìnì. Ó wo ilẹ̀. Ó ní kì í ṣe ìdí máṣíìnì. Ó ní ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí máṣíìnì bá ti dákẹ́, mo máa ń dìde lọ sẹ́yìnkùlé. Ó ní òun rò pé mo mọ̀ ni.

Owó tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi ṣe mí lóore, torí ọ́fíìsì yìí ń jẹ ẹ̀pà. Má gba báńkì fi ránṣẹ́, wọn ò tíì mọ̀ mí. Mú un wá lọ́wọ́ ara rẹ kí Sátidé tó dé. Mú òwú búlúù dání, bọ́tìnnì kan wà tí mo fẹ́ dá padà sáàyè rẹ̀, bí a bá rí ọ̀nà. Nígbà tí o bá dé abẹ́ igi, ṣí orí, wo ọ̀kánkán. Má rẹ́rìn-ín bí inú rẹ kò bá dùn. Wọn kì í bèèrè rẹ̀.

Ọ̀nà yóò là fún ọ. O kò ní pe ẹni tí kò ní jẹ́ ọ. Ilẹ̀ kò ní ṣú bá ọ níta. Bí o bá wọlé, tí o gbọ́ tí mò ń pè ọ́ láti ẹ̀yìnkùlé, kọ́kọ́ wo àga ìdí máṣíìnì. Bí mo bá wà lórí rẹ̀, kí mi. Bí mi ò bá sí lórí rẹ̀, ṣáà dáhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
tó ṣì wà lórí àga.