Ṣí Ẹ̀rọ Omi Ìta Yẹn

Micah,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́ ní Ẹ̀sà-Òkè. Iṣu wà nínú ìkòkò. Bí wọ́n bá mú iná dé, tan pọ́ǹpù kí tánkì lè kún, ṣùgbọ́n má tan áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Wáyà ilé yìí ò gbà á.

Láàárọ̀ yìí, àwọn ará àdúgbò gbé korobá dé, wọ́n bá àgádágodo tí o fi sára ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn fẹ́ǹsì lánàá. Ìyá Tiwátọ́pẹ́ ò bínú. Wọ́n kàn bi mí pé ṣé àwọn ṣẹ̀ wá ni. Ojú tì mí.

Mo mọ̀ pé ní Kánádà tí o ti dé, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní mítà omi tirẹ̀. Níbí, Bàámi ló dìídì ní kí wọ́n fa ẹ̀rọ yẹn síta. Mo wá kọ́kọ́rọ́ rẹ títí, mi ò rí i. Ṣí i kí wọ́n tó padà wá nírọ̀lẹ́, kí o sì lọ kí wọn délé. Má sọ̀rọ̀ yúníìtì iná létí wọn o.

Lọ́jọ́ tí Bàámi kú, tí o wà lọ́hùn-ún, kò sí iná tí a ó fi fa omi. Àwọn ló pọn omi tí a fi wẹ̀ wọ́n.

Ìwàlẹwà