Màlúù Ò Sí Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Delmar, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ wà ní Wisconsin? Ẹ kú ìtọ́jú àwọn màlúù wa. Orúnkún mi ò dùn mí mọ́.

Láti Lisbon títí dé Norway nínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ yìí, ìdájí ni Orville ọkọ mi ń dìde, á wọ bàtà bí ẹni tó fẹ́ lọ fún wàrà. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, n ò jí bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí. Lánàá, oòrùn yọ, ó ṣì ń sùn. Àyà mi já. Mo gbọ́wọ́ lé e láyà.

Ó ní, "Marlys, jẹ́ n sùn jàre! Ṣé màlúù wà nínú ọkọ̀ yìí ni?"

Omi ayọ̀ bọ́ lójú mi. Ọlọ́run ṣeun, á dá ẹ̀yin náà sí. Bó o bá ṣì fẹ́ ra àwọn màlúù tí Orville ò fẹ́ tà fún ọ yẹn, tètè pè é, kí oorun tó dá lójú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Marlys