Bàbá Mi, Ẹ Kúrò Nínú Yàrá Ẹ̀yìn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti inú òtútù ìlú òyìnbó tí mo wà yìí. Mo kí Màmá, mo kí àbúrò mi Fúnmi tó ń ṣe tíṣà ní Ìṣẹ́, mo sì kí Alàgbà tí ẹ jọ lọ wo ilé tí mo rà fún yín. Ẹ kú òjò. Òjò yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń ka lẹ́tà yìí. Èyí tí mo kọ sí yín nílé, ẹ ò fèsì. Mo pè, Fúnmi ló wá gbọ́ mi níbi tí wọ́n ti ń gba tẹlifóònù l'Ádó, ó ní ẹ ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi. Bàbá, iṣẹ́ mi ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ń wí.

Ọ̀dà ni mo ń kùn níbí. Ilé tí wọ́n fẹ́ tà ni wọ́n sábà máa ń gbé wa lọ. Ọ̀gá wa á ní kí a kun ibi tí omi ti ń jẹ ògiri, kó lè dán. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibí kì í sanwó ilé láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ mú ẹni tó mọ ilé wò wá. Onítọ̀hún á gun òkè àjà, á ti kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, á máa fi ìka kan ògiri kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Bí wọ́n bá gbé tíì fún un, kì í mu ún. Mo kọ́kọ́ rò pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, tí wọ́n ní kí ọmọ Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ máa bọ̀ wálé, mo mọ bí ojú ṣe pọ́n yín. Gbogbo ènìyàn ló ń wá ilé, ẹni tó ní yàrá kan ń ṣe bí ọba. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi owó ránṣẹ́, tí inú mi sì dùn pé ẹ rí èyí ní Ìkẹ́rẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta.

Fúnmi ti ròyìn fún mi bí ẹ ṣe lọ wò ó. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ẹ wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi, Alàgbà gbé Bíbélì dání. Ìyá tó ni ilé ti gún iyán dè yín, ẹran ìgbẹ́ kún inú ọbẹ̀. Ẹ jẹun, Alàgbà gbàdúrà sí ilé náà, ẹ dúpẹ́, ẹ jáde. Fúnmi fẹ́ yọjú sí yàrá ẹ̀yìn, ẹ fi ojú bá a wí, nítorí àlejò kì í yọjú sí yàrá ẹni tó ṣe é lálejò. Ẹ̀kọ́ ilé lẹ lò, mi ò bá yín wí. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ojú tì yín débi pé ẹ ò lè béèrè ohun tí aṣọ ìkélé ńlá tó wà níbẹ̀ bò mọ́lẹ̀.

Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó ni mo fi mọ̀. Màmá dúró lẹ́yìn ilé, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ̀dà ilé ti ṣá, àfi ti ògiri ẹ̀yìn nìkan ló jẹ́ tuntun. Èmi tí mo ń fi ọ̀dà bo àléébù ilé onílé, ẹlòmíràn ti fi bo ti ilé bàbá mi.

Òjò dé, omi ṣàn láti orí àpáta, ó kọlu ògiri náà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Fúnmi ní ọwọ́ òun ti ń wọ ibi tó là. Ibẹ̀ náà ni bẹ́ẹ̀dì yín wà, ẹ sì ti ta aṣọ ìkélé mìíràn bò ó kí àlejò má bàa rí i. Ẹ sọ fún un pé bí ẹ bá gbé bẹ́ẹ̀dì wá sí pálọ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á bi yín nídìí, wọ́n á sì máa sọ pé ilé tí ọmọ ìlú òyìnbó rà ń wó. Ẹ ní ilé ọmọ yín ni, ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Kí ni mo lè ṣe? Ìwé mi níbí kò tíì pé. Bí mo bá wálé, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Owó tí a ó fi tún ògiri mọ kò tíì sí lọ́wọ́. Bí òjò bá ń ṣẹ́ wínníwínní níbí, màá kàn dúró lójú fèrèsé, màá máa ro tiyín. Ó sú mi, Bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ fẹ́ ra ilé, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà òjò ni kí ẹ lọ wò ó. Ẹ jẹun nílé yín kí ẹ tó lọ. Ẹ dé yàrá ẹ̀yìn, ẹ ká aṣọ ìkélé sókè, ẹ mú bíríkìlà tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ẹ bi aládùúgbò léèrè. Bí wọ́n bá pè yín ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbà.

Bàbá mi, Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó pẹ́ jẹun ọmọ. Mo kí gbogbo ilé, mo sì kí ará ṣọ́ọ̀ṣì tó bá máa bá yín gbé bẹ́ẹ̀dì. Nítorí wọ́n ti mọ̀ báyìí. Wọ́n á kà á ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n á kà á dé Ìṣẹ́ àti Emùré, pé ilé tí mo rà fún yín ti là. Ẹ bínú sí mi, ẹ pè mí lọ́mọ burúkú. Ẹ̀sín tí ẹ ń sá fún ti dé, èmi ni mo fà á. Kò sí ohun tí ẹ ń ṣọ́ nínú yàrá yẹn mọ́. Ẹ jáde níbẹ̀.

Èmi ni Káyọ̀dé, ọmọ yín.