Rákẹ́ẹ̀tì Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Beulah, ọmọ mi,

Bí o bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, rọra tẹ ilẹ̀ yàrá ìdáná. Ife rẹ ni ó fọ́ síbẹ̀. Má bínú.

Ní àárọ̀ yìí, mo fi rákẹ́ẹ̀tì tẹ́níìsì mi méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé. Tuntun tí o rà fún mi fúyẹ́, apá kò sì ro mí, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù fò lọ bá Ìyá Saidat níbi tí ó ti ń fọ aṣọ.

"Bàbá, ṣé èmi lẹ fẹ́ bá gbá a ni?"

"Má bínú, rákẹ́ẹ̀tì tuntun ni."

"Ẹ yáa padà sí ti àtijọ́ o!"

Mo padà sí i. Gbogbo bọ́ọ̀lù ni ó lọ síbi tí mo rán an. Lẹ́yìn náà, n kò lè di ife tíì mú. Dókítà sì ti sọ pé bí ìgúnpá yìí bá tún wú, tẹ́níìsì parí fún mi. Èyí tí ó ń gbọ́ tèmi ń ba apá mi jẹ́. Èyí tí ó dá apá sí kò gbọ́ tèmi. N kò rí ibi yà sí.

Tuntun ni mo gbé lọ sí pápá. Ti àtijọ́ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi: fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ kí n tó dé. Bí mo bá bèèrè rẹ̀, má ṣe dá mi lóhùn. Bí a bá ti lè jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀, n ó borí rẹ.

Bàbá rẹ.