Tíṣà Tí Ó Mọ Ohun Tí Ń Bẹ Lẹ́yìn Òdo

Ọdún 1943 ni a bí Bàbá wa, tí a tìtorí wọn péjọ lónìí, sí ilé alágbẹ̀dẹ. Àwọn ni àkọ́bí. Bàbá wọn fẹ́ kí wọ́n gba ọmọ owú, òòlù alágbẹ̀dẹ, lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì olùkọ́ ló wù wọ́n. Kò sí ẹni tí ó tìtorí ìyẹn lé wọn jáde nílé.

Ní 1966 wọ́n di olùkọ́ ìṣirò. Tíṣà Òdì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n, nítorí pé nọ́ńbà tí ó kéré sí òdo ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọn a ní òdì kì í ṣe àìsí. Bí òkè ṣe ní gíga ni kòtò ní jíjìn. Bí ó bá wá kan nọ́ńbà àfinúrò, èyí tí a óò fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí yóò bọ́ sí òdì, wọn a pe ọmọ kan síwájú. Wọn a ní kí ó kọjú sí ilẹ̀kùn, kí ó sì yí padà sí ògiri ẹ̀yìn: ìyẹn ni òdì. Kí ni ó lè ṣe lẹ́ẹ̀mejì tí yóò gbé e dé ibẹ̀? Kí ó yà sí fèrèsé, kí ó tún yà. Wọn a ní ẹni tí ó kọjú sí fèrèsé kò kọjú sí ilẹ̀kùn, kò kọjú sí ògiri, ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ pé kò wá sí kíláàsì.

Wọ́n fẹ́ Màmá wa, agbẹ̀bí, ní 1968, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta. Àkọ́bí wọn obìnrin ni orí rẹ̀ pé jù nínú ìṣirò. Yunifásítì ló wà ní 1990 tí ó fi ìwé sílẹ̀, tí ó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ọmọ náà yà sí fèrèsé ni. Láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá béèrè iye ọmọ, Bàbá a ní méjì. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bàbá ń ka tiwọn, wọn kì í sì í kà á pé.

Ìkórìíra pàápàá ì bá sàn. Ẹni tí a kórìíra wà lódì, ohun tí ó wà lódì sì wà. Bàbá fúnra wọn ló fi èyí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Òdo ni wọ́n sọ tiwọn dà. Ó dùn wá, ó ṣì ń dùn wá.

Olùfọkànsìn ni wọ́n, wọ́n sì jẹ́ alága àdúgbò. Wọ́n gba Ọlọ́run tí ẹnikẹ́ni kò rí gbọ́, wọ́n gba nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò rí gbọ́. Ọmọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òpópónà kejì ni ojú wọn kò tó.

Nígbà àìsàn wọn, àkọ́bí yìí kan àga tí wọn yóò máa fi wẹ̀. Wọ́n jókòó lé e títí, wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tí ó kàn án.

Nígbà tí a fẹ́ kọ ìwé ìtàn ayé wọn yìí, àbúrò Bàbá ní kí a kọ ọmọ méjì, bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe fẹ́ ẹ. Màmá ní, “Ṣé òun ló rọbí ni? Èmi ni kí ẹ bi.”

Bàbá fi ìyàwó sílẹ̀, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀: káfíńtà, nọ́ọ̀sì àti awakọ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, tí àwọn kan nínú wọn kò gbọ́ ohùn Bàbá rí.

Pósí tí ẹ ń wò níwájú yín yìí, ẹni tí Bàbá ní kò sí ló kàn án. Kò gba ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Pósí náà bá wọn mu.

Ẹ sùn re o, Tíṣà. Kí ilẹ̀ dẹ̀ yín lára. Ọmọ yín wà níbí.