Káàdì Pupa Kan, Ẹni Méjì Níta

                                                                Ilé Kọkànlá, F Close,
                                                                41 Road,
                                                                Festac Town,
                                                                Amuwo-Odofin, Èkó.
                                                                Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2025.

Adéyọ̀sọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ti le dáadáa? Wọ́n ní ibà mú ọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dúpẹ́ pé o ti gbádùn. Oúnjẹ ilé ìwé yín ńkọ́? Ṣé ẹ̀wà yẹn ṣì ń le bí òkúta tí wọ́n fi ń ṣe títì, àbí wọ́n ti ń sè é jinná báyìí? Ẹwàolúwa tẹ́ ẹ jọ ń sùn ní yàrá ńkọ́, ṣé ó ti yéé hanrun? Mọ́mì yín wà ní àlàáfíà, Dádì náà sì ti dé láti ìrìn àjò. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kí o yéé yá àwọn èèyàn ní ṣòkòtò. Màámi náà ń kí ọ. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí o bá dé, ẹ̀bà tí àwọn máa tẹ̀ fún ọ, gbogbo 41 Road ló máa bá ọ jẹ ẹ́ kó tó tán.

Torí pé wọn kì í jẹ́ kẹ́ ẹ lo fóònù níbẹ̀ ni mo ṣe mú bírò. Àǹtí Bukky ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ọ lọ́jọ́ àbẹ̀wò ní Sátidé. O mọ àǹtí rẹ, ohun tí kò kàn wọ́n gan-an ló máa ń yá wọn lára jù. Mo ti fi góòmù lẹ àpòòwé yìí títí góòmù fi tán nílé wa, mo tún fi ṣẹ́lótéèpù dì í bí ẹni ń di òkú. Bó bá dé ọwọ́ rẹ ní yíya, o mọ ẹni tí wàá bi.

Sọlá, eré ti tán níbi tí mo bá a dé yìí. Ẹgbẹ́ Kuje ti já wa kúrò nínú ìdíje bọ́ọ̀lù àdúgbò. Gòólù kan péré ni wọ́n fi nà wá. Kápútẹ̀nì wa, Sùlé, ni gbogbo èèyàn ń dá lẹ́bi, Bọ̀dá Kazeem kóòṣì sì ti pe ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́ Sunday tó ń bọ̀ láti lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, torí ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́ ju bí o ṣe rò lọ.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kángun sí àṣekágbá ni. Bí mo bá ní gbogbo Festac ló wà ní pápá lọ́jọ́ yẹn, irọ́ kékeré ni mo pa, torí àwọn ará Satellite Town náà wá. Èmi wà lórí bẹ́ǹṣì, níbi tí mo máa ń wà. O mọ̀ pé bí Bọ̀dá Kazeem bá mú ẹni mẹ́rìndínlógún, èmi ni ẹni kẹtàdínlógún. Eré ò tí ì jìnnà tí bọ́ọ̀lù fi kan ẹsẹ̀ Dammy àbúrò rẹ, ló bá dorí kọ ilé Kuje, eré burúkú. Abdulbasit, ọmọ gíga tó máa ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wọn, tí kì í sọ̀rọ̀, ló wá pàdé rẹ̀. Ohun tí mo rí láti ọ̀ọ́kán ni pé Dammy ṣubú, ó di ojú mú, ó sì ń yí gbirigbiri. Mo rò pé yóò yí dé Mile 2.

Rẹfirí jìnnà sí wọn. Ó sáré dé, kò wò lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ káàdì pupa. Àwọn Kuje ń pariwo pé ojóóró ni, ṣùgbọ́n ta ló máa gba Kuje gbọ́ ní Festac? Abdulbasit ò jà. Ó kàn la ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì han rẹfirí, bí ọmọ tó ń fi han ìyá rẹ̀ pé òun ò mú ẹran. Mo rí Sùlé tó sá tọ rẹfirí lọ, ó ń bá a sọ̀rọ̀. A gbọ́ ohùn rẹfirí dé ìdí bẹ́ǹṣì: “Káàdì tó bá ti jáde nínú àpò mi kì í mọ ọ̀nà padà! Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ!”

Nínú ìdíje yìí, ẹni tí wọ́n bá lé ò gbọdọ̀ dúró sínú ọgbà. Ẹ̀yìn géètì ló máa wà títí fèrè ìkẹyìn. Bí wọ́n ṣe ti géètì mọ́ Abdulbasit nìyẹn. Àwa bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Èmi gan-an jó débi pé bàtà mi kan já.

Ọmọ, a ò mọ ohun tí à ń jó sí. Láti ìgbà tí Kuje ti di mẹ́wàá ni wọ́n ti di ọmọ ìyá. Wọ́n kó ara wọn jọ síwájú ilé wọn bí ìgbà tí òjò fẹ́ wọlé. Bí ọ̀kan bá ṣubú, méjì ti dúró sípò rẹ̀. Tiwa wá yàtọ̀. Gbogbo wa ti rò pé ó ti tán, kálukú ń wá gòólù tó máa fi yangàn. Ẹni tó yẹ kó tari bọ́ọ̀lù sí ẹlòmíì á dì í mọ́ ẹsẹ̀ títí wọ́n á fi gbà á. Nígbà ìsinmi, Bọ̀dá Kazeem pariwo títí iṣan ọrùn wọn fi dà bí okùn: “Mẹ́wàá ni wọ́n! Àbí ẹ ò mọ kíkà ni?” Wọ́n yọ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, wọ́n fi kìkì ẹni tó fẹ́ gbá gòólù sínú pápá. Báyìí ni wọ́n ṣe lo gbogbo ìpààrọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn tán. Ẹ̀yìn wá ku Sùlé nìkan, ká kúkú sọ òótọ́.  Òun ń wo ilẹ̀ ṣáá ní gbogbo ìsinmi yẹn.

Eré ti ń lọ sópin, kò tíì sẹ́ni tó gbá nǹkan kan wọlé, ni Sùlé bá rìn lọ bá rẹfirí. Ó sọ nǹkan sí i létí. Rẹfirí wò ó, ó gbé èjìká sókè. Sùlé bọ́ báǹdì apá rẹ̀, ó lọ fi í sí apá Samson aṣọ́lé wa, ló bá kọrí sí géètì. A rò pé ara ló ń ni ín.

Bọ̀dá Kazeem kígbe mọ́ mi: “Ọlákìtán, sáré tẹ̀lé e! Bó bá jẹ́ inú ló ń run ún, ní kó ṣe kíá!”

Mo sáré. Ní ẹ̀yìn géètì, Sùlé ti jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abdulbasit. Abdulbasit ń wò ó bí ẹni rí iwin.

Ó bi í pé, “Kí lo wá ṣe níbí?”

“Mo jáde ni.”

“Ta ló lé ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó lé mi. Mo ní kó dọ́gba ni.”

Abdulbasit pòṣé. “Ṣé mo bẹ̀ ẹ́? Padà wọlé jàre! Àánú ẹ ni mo fẹ́ jẹ ni?”

Sùlé ní, “Kì í ṣe torí tìẹ. Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo wà nígbà tó ṣubú. Ọwọ́ ẹ ò kan Dammy. Ẹsẹ̀ ẹ ò kàn án. N ò lè máa gbá a lọ bí ẹni tí ò ríran.”

Mo ní, “Sùlé, kóòṣì ní kó o máa bọ̀ o! Wọ́n ti ń bínú!”

“Sọ fún wọn pé n ò padà wọlé mọ́.”

 Ṣé o rántí bá a ṣe máa ń gbá a ní F Close, tá a bá fi òkúta méjì ṣe ilé? Bí ìyá ẹnì kan bá pè é kó wá lọ ata, ẹgbẹ́ kejì á yọ ẹnì kan, kó lè dọ́gba. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn sí i. Ohun tí Sùlé gbé dé pápá ìdíje nìyẹn, níwájú gbogbo ayé. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá ti fọwọ́ bojú, kí n jẹ́ ká gba ife wa ná.

A ò tíì kúrò níbẹ̀ tí ariwo fi sọ nínú ọgbà. Sọlá, bí o bá wà lẹ́yìn ògiri, gbogbo ariwo gòólù ló jọra. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fetí sí i. Abdulbasit ló kọ́kọ́ dá ohùn àwọn èèyàn rẹ̀ mọ̀. Ó ní, “Tiwa ni.” Kò fò, kò rẹ́rìn-ín. Sùlé gbé orí lé orúnkún. Samson sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojú ibi tí Sùlé ì bá dúró sí gan-an ni bọ́ọ̀lù gbà kọjá.

Kí èrò tó jáde bò wá, Sùlé di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n búra pé n ò ní sọ ọ̀rọ̀ Dammy fún ẹnikẹ́ni ní Festac. Ó ní ọmọ ẹgbẹ́ wa ni, òun ò fẹ́ kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo búra. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta tí o wà kì í ṣe Festac. N ò dalẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń sọ kiri pé Sùlé ta wá, pé Kuje ti ṣèlérí pé àwọn máa gbà á sínú ẹgbẹ́ wọn. Kuje tí wọ́n ní ó tà wá fún, àwọn ọmọ wọn gan-an ń fi í ṣẹ̀sín: “Kápútẹ̀nì asálọ!” Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà lóòótọ́. Ìyá Sùlé tó máa ń ránṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni wọ́n ti ń ránṣọ báyìí. Obìnrin kan bi wọ́n ní gbangba pé ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n kọ́ ọmọ wọn. Wọ́n kàn wọlé lọ. Kuje alára ò rí ayọ̀ kankan níbẹ̀. Ní àṣekágbá ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Abdulbasit ò lè gbá a nítorí káàdì yẹn, ni wọ́n bá gba gòólù mẹ́ta bí ilé tí ò nílẹ̀kùn. Wo bí káàdì kan ṣe ba ẹgbẹ́ méjì jẹ́.

Bọ̀dá Kazeem ní bí Sùlé bá fẹ́ dúró nínú ẹgbẹ́, kó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wa pé òun bá Kuje dì í. Sùlé ní òun máa dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wá fún ẹ̀dùn tí ọ̀rọ̀ náà fà, ṣùgbọ́n òun ò ní gba irọ́ mọ́ra. Bí wọ́n bá wá bi í pé kí ló wá mú un jáde, ẹnu rẹ̀ á pa dé bí ilẹ̀kùn báǹkì lọ́jọ́ Sunday.

N ò mọ̀ bóyá ohun tó ṣe dáa. Inú ṣì ń bí mi sí i lọ́jọ́ míì, torí mo fẹ́ ife yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ ẹran Iléyá lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò tà wá.

Ọ̀rọ̀ Dammy ló kù. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ń fọ abọ́ níta, ló bá wá dúró ní géètì wa. Kò wọlé. Ó ń fi èékánná ha ọ̀dà géètì.

Ó ní, “Ọlákìtán, ṣé Sùlé bá ẹ sọ nǹkan?”

Mo ní, “Nǹkan bíi kí ni?”

“Nǹkan.”

Mo ní rárá. Mo padà sídìí abọ́ mi. Mo rò pé ó ti lọ, àfi bó ṣe tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré bí ohùn ọmọ jẹ́léósinmi: “Kí ló dé tí kò sọ?”

 Ó yí padà, ó lọ. Mọ́mì yín ní kì í jẹun dáadáa mọ́. Wọ́n rò pé ibà ni, wọ́n ti ra oògùn fún un.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, ní Sátidé, gba fóònù Àǹtí Bukky, sún jìnnà sí wọn, kó o pe àbúrò rẹ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí o nà án. Bí Dammy ò bá sọ̀rọ̀ kí ìpàdé tó tú, jẹ́sì Sùlé ti lọ nìyẹn, orúkọ rẹ̀ náà sì ti lọ. Èmi náà á bọ́ tèmi sílẹ̀. Ó lè tó oṣù mẹ́fà kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀ pé mo kúrò, ṣùgbọ́n màá bọ́ ọ.

Má ṣe jágbe mọ́ ọn. Bí o bá jágbe, ó máa sẹ́, bó bá sì ti sẹ́, yóò di dandan fún un láti máa sẹ́ ẹ lọ. Má sọ ohun tó ṣe fún un, ó mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè tó bi mí ní géètì ni kí o bi í: kí ló dé tí Sùlé kò sọ? Lẹ́yìn náà, kí o dákẹ́. Jẹ́ kó dáhùn fúnra rẹ̀, bí kírẹ́díìtì Àǹtí Bukky bá fẹ́ tán, kó tán.

Bá mi kí Ẹwàolúwa àti gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń jẹ ẹ̀wà líle. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ fún wa títí a ó fi rí ara wa.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ń retí ìpè rẹ sí Dammy,

Ọlákìtán.