Sípíkà Tó Wà Níta

Ilé Sànyà,
Ìtòsí ìkóríta Dọ̀pẹ̀mú,
Agége, Èkó.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 1990.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Bọ́dúndé,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo kí aya rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kó má bá ẹnì kankan lórí ìdùbúlẹ̀. Òtútù Jos ńkọ́? Wọ́n sọ fún mi pé láàárọ̀, èéfín máa ń jáde lẹ́nu ènìyàn níbẹ̀ bí ẹni tó ń fa sìgá. Jọ̀wọ́, máa wọ súwẹ́tà tí ìyá rẹ hun fún ọ, kódà bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ bá ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò lọ, ṣùgbọ́n kò lé sí i. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn tí mo kọ̀wé sí ọ nípa rẹ̀ kò tíì jábọ́. Mo ń ṣọ́ ọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á, mo ká a, mo tún ṣí i kà. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi dáadáa láti ọjọ́ náà. O ní ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tẹ́júọlá, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Allen Avenue, kọ̀wé sí ọ pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun tó fẹ́ràn orin àtijọ́ ti rí Fèrè Òwúrọ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù tí ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Mànàmáná ṣe pẹ̀lú àwọn onífáyólìnì àti àwọn akọrin lọ́dún 1974. O ní wọ́n fẹ́ kí ẹ wá lu gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní gbọ̀ngàn kan ní Ìkẹjà lóṣù Kejìlá, àti pé àwọn méjì tó kù nínú ẹgbẹ́ yín ń retí ìdáhùn rẹ. O wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Bàbá, ẹ bá mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yin kì í yìn mí lásán. Bí ẹ bá ní kí n wá, mo ń bọ̀. Bí ẹ bá ní yóò tún dójú tì mí, màá sọ fún wọn pé n kò wá, ọ̀rọ̀ dùùrù sì tán láyé mi nìyẹn.”

Bọ́dúndé, irú ẹrù wo lo gbé lé àgbàlagbà lórí báyìí? Bí mo bá ní kí o wá, tí wọ́n tún fi ọ́ rẹ́rìn-ín ńkọ́? Bí mo bá sì ní kí o má wá, ǹjẹ́ kì í ṣe èmi ni mo ti ìdérí dùùrù náà pa mọ́ ọ lọ́wọ́? Mo rántí bí ojú rẹ ti rí nígbà tí àwọn òǹtajà dá rẹ́kọ́ọ̀dù náà padà ní páálí páálí. Àwọn ọ̀dọ́ ní orin ìsìnkú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ariwo àwọn amugbó ni. O kó aṣọ rẹ, o gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Jos, o sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní orin láìfi ìka kan dùùrù fún ìgbádùn ara rẹ mọ́. Gbogbo èyí ni mo ń rò ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ gbé ìrẹsì sẹ́nu.

Ohun kan tún wà tí n kò sọ fún ọ rí, nítorí ẹ̀rù ń bà mí láti bi ọ́. Láti ọjọ́ tí rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ti wọ ilé wa, mi ò gbọ́ ọ nínú rẹ̀. Mo gbọ́ fáyólìnì. Mo gbọ́ àwọn fèrè àti àwọn akọrin. Ṣùgbọ́n dùùrù ọmọ mi, tí mo sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbo ló wà? Mo máa ń rò ó pé bóyá ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde ló yọ ọ́ kúrò, tí ojú sì ń tì ọ́ láti sọ. Ní àárín apá kìíní pàápàá, ìdákẹ́jẹ́ gígùn kan wà níbẹ̀. Bó bá ti dé ibẹ̀, ńṣe ni mo máa ń dìde lọ wo abẹ́rẹ́ rédíògíráàmù, bóyá ó ti há, tàbí bóyá Nẹ́pà ló mú iná lọ. Kí n tó padà jókòó, fáyólìnì yóò ti tún bẹ̀rẹ̀. Mo wá gbà pé orin tí ihò wà nínú rẹ̀ ni.

Ìyá rẹ kò gbà bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá ní, “Ìyá Bọ́dúndé, níbo lọmọ yìí wà nínú orin yìí?” yóò ní, “Ẹ̀yin náà! Ṣé etí yín ti di ni? Kí ni mò ń gbọ́ láti àárọ̀ bí kì í bá ṣe ọmọ mi?” Tí mo bá wá ní àwọn onífáyólìnì ló bò ọ́ mọ́lẹ̀, yóò ní, “Onífáyólìnì wo? Ṣé àǹjọ̀ọ̀nú ni wọ́n tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbọ́ wọn?” Mo rò pé ìfẹ́ ìyá ló ń mú un gbọ́ ohun tí kò sí. Òun náà rò pé agídí mi ni. Nígbà tó yá, a kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, kó má baà di ìjà. Bí o bá sì wálé, a kì í gbé e sí i rárá, kí ọkàn rẹ má baà bàjẹ́.

Wàyí o, fetí sílẹ̀. Ó dájú pé o rántí pé nígbà tí mo ra rédíògíráàmù yẹn, sípíkà méjì ló bá a wá. Ìyá rẹ ní kí n fún òun ní ọ̀kan gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù òun ní fàráńdà, torí ibi tí orin bá wà ni oníbàárà ń yà sí. A fa wáyà gba ojú fèrèsé. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi ní pálọ̀, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níta. Kì í ṣe ilé wa nìkan. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Dọ̀pẹ̀mú nígbà náà?

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ní kí n dá ọ lóhùn. Rédíògíráàmù náà ti pẹ́ láìṣiṣẹ́. Mo nù ún, mo gbé garawa iyanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí iná, mo wọ bàtà rọ́bà, mo sì ní kí ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà torí ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Èmi ò dúró síbì kankan o. Orin ọmọ mi lẹ fẹ́ gbọ́, èmi náà á jókòó gbọ́ ọ.” Láti ìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba yìí, ti sọ agolo mílíìkì di ohun tí à ń fojú wò, ó ti pa ṣọ́ọ̀bù náà tì. Kò sí oníbàárà tí yóò pè mọ́. Ló bá jáde, ó nu eruku ara sípíkà rẹ̀, ó gbé e wọlé mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ, ó sì gbé e ka orí àga tó kọjú sí tèmi. Mo ní kó rọra, kó má fa wáyà já. Ó ti jókòó tì í.

Orin bẹ̀rẹ̀. Fáyólìnì àti fèrè kọ́kọ́ ké pọ̀ bí fèrè ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tí mo ti jẹ́ olùtọ́jú ẹrù, èyí tó máa ń jí gbogbo wa láàárọ̀ nígbà tí o wà lọ́mọdé. Ibẹ̀ yẹn ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fáyólìnì ti ń ké lápá ọ̀tún mi, ìlù bẹ̀rẹ̀ lápá òsì, gbọ̀ùn gbọ̀ùn, bí ẹ̀rọ ìhunṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, gìtá sì tẹ̀ lé e. Fáyólìnì á bi í léèrè, gìtá á dá a lóhùn. Mo wo ìyá rẹ, òun náà ń wò mí. Ó na ìka sí sípíkà mi, ó ní, “Bàbá Bọ́dúndé, ṣé àwọn tí ẹ ń sọ nìyí?” Mo mi orí pé àwọn ni.

Nígbà náà ni ó dé ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Fáyólìnì dúró. Mo dìde bí ìṣe mi láti lọ wo abẹ́rẹ́. Ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ẹ jókòó. Ibí yìí lọmọ wa máa ń wọlé.”

O sì wọlé. Ọmọ mi, mo gbọ́ ọ. Dùùrù náà kọ́kọ́ dún jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń wá ojú ọ̀nà, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kún gbogbo pálọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wá ọ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn, ẹ̀yìn fèrèsé lo wà, lọ́dọ̀ ìyá rẹ. Àṣé ìdajì orin náà ló ń gba sípíkà tèmi jáde, ìdajì kejì ń gba tirẹ̀. Nǹkan kan tó ti jókòó sí mi láyà látọjọ́ yìí sọ̀ kalẹ̀. Mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbí pé mo sunkún, nítorí ìyá rẹ ni yóò fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, ó sì máa ń kà á.

Jẹ́ kí n tún sọ ti Làsísì, ayálégbé wa tó wà ní yàrá iwájú. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ yẹn la ti jọ ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ti ibẹ̀ pa láti ọdún tó kọjá, fèrè ibẹ̀ kò sì dún mọ́. Nígbà tí apá kejì bẹ̀rẹ̀ tí fèrè náà tún ké, ó sáré jáde pẹ̀lú bọ́tìnnì ẹ̀wù tí kò tíì dè tán. Ó ní, “Bàbá, ṣé wọ́n ti ṣí i padà ni?” A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò padà sí yàrá rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí rẹ́kọ́ọ̀dù náà fi parí. Ó ní, “Ọmọ yín ti tọ́jú fèrè náà pa mọ́ fún wa.” Èmi kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìwọ mọ̀ mí, mi ò lè sinmi láìṣèwádìí. Lọ́jọ́ Ajé mo lọ bá Gàníyù tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù ní ìkóríta nígbà náà, mo bi í bóyá òun náà gbé sípíkà kan síta. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ta ni kì í gbé e síta? Ṣé ẹni tó ti wọlé tán ni mo fẹ́ tún pè ni?” Ó wá rántí pé àwọn kan gbọ́ ọ lójú títì, wọ́n wọlé wá ń bínú pé kì í ṣe orin tí àwọn gbọ́ níta ni òun ń tà fún àwọn. Àwọn mìíràn dá a padà pé kò pé.

N kò ní tàn ọ́ jẹ o. Kì í ṣe sípíkà ló fa gbogbo rẹ̀. Àwọn kan gbọ́ ọ ní pípé, kò sì wù wọ́n. Apá kejì ṣì gùn jù, àwọn akọrin ń pariwo níbi tó yẹ kí wọ́n rọra, àti pé ìparí náà, ó dà bí ẹni tó ti dágbére tán tí kò sì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ lù ú lóṣù Kejìlá, ẹ gé e níbẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kìíní, láti ìgbà tí fèrè bá ti ké títí dùùrù rẹ fi dákẹ́, mi ò rí ibi tí mo lè fọwọ́ kàn pé kò dáa. Ẹni tí kì í yìn ọ́ lásán ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, máa bọ̀. Kọ̀wé sí Tẹ́júọlá lónìí, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan dùùrù ilé-ìwé yín kí ìka rẹ lè rọ̀. Má ṣe rìn lóru. Má wọ ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ bá ti dán. Má jókòó níwájú, má sì jókòó lẹ́yìn pátápátá. Bí àwọn ṣọ́jà bá dá yín dúró, má fèsì ju ohun tí wọ́n bi ọ́ lọ. Bí o bá dé Abúlé Ẹ̀gbá tí ilẹ̀ ti ń ṣú, sùn sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ níbẹ̀. Kò sí ohun tí à ń lé.

Kí Olúwa tó jẹ́ kí n gbọ́ ọ jẹ́ kí n tún fojú rí ọ. Ìka rẹ kò ní rọ. Ohun tí o ṣe nígbà ọ̀dọ́, wàá jẹ èrè rẹ̀ kí o tó darúgbó. Àwọn ọmọ rẹ náà yóò ṣe é, ìwọ yóò sì gbọ́ tiwọn ní pípé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àfi ti òrùlé nìkan,

Johnson Sànyà.

Àfikún: Bá mi kìlọ̀ fún àwọn ọmọ Ìkẹjà yẹn pé kí wọ́n má gbé sípíkà kankan síta fún àwọn tí kò ráyè wọlé. Kí wọ́n fún wọn láyè kí wọ́n wọlé. Sípíkà ìyá rẹ kò padà sí fàráńdà mọ́. Mo ti fi ìṣó kan wáyà rẹ̀ mọ́ ògiri. Bí mo ti ń kọ èyí, ó ti tún gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà sí i. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn báyìí. Mi ò dìde.